Ojú Tí A Fi Ránṣẹ́

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jiyàn lé lórí lóde òní, tí àwọn àgbà sì ń fi ẹ̀rín lé lọ bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ọ̀ràn náà nìyí: bí ọkùnrin tàbí obìnrin bá ń wá ẹni tí yóò fẹ́, tí ó mú fóònù rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ojú ara rẹ̀, tí ó tún un ṣe títí ó fi dára ju ojú tí ó ń rí nínú dígí lọ, tí ó sì gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn àlejò yóò ti rí i, ǹjẹ́ irọ́ ni ó pa bí, tàbí ó kàn wọ aṣọ tí ó dára jáde ni? Àwa kò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ìgbéyàwó ni ó wà ní ìdí rẹ̀, ìgbéyàwó kì í sì í ṣe ìṣù tí a lè dá padà fún oníṣu bí a bá bó o tán tí inú rẹ̀ kò dára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a dúró sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bá a níwájú. A gbé fóònù sókè díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, a sì rẹ àgbọ̀n sílẹ̀. A ya ogún àwòrán, a sì pa mọ́kàndínlógún rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan irinṣẹ́ inú fóònù tí wọ́n ń pè ní fílítà, èyí tí ń mú awọ ara dán, tí ń mú ẹyinjú tóbi, tí ó sì ń mú imú tín-ín-rín, láìjẹ́ pé ènìyàn fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀ rárá. Àwòrán tí a bá yà báyìí ni wọ́n ń pè ní sẹ́lífì. Ní ọdún 2013 ni àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Oxford fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ní 2012, ni Tinder bẹ̀rẹ̀, ọjà àwòrán níbi tí ènìyàn ti ń fi ìka ti ojú tí kò wù ú sí apá òsì, tí ó sì ń ti èyí tí ó wù ú sí apá ọ̀tún. (Òsì ìlú wa kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.) Ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 18 kò ní ẹ̀tọ́ láti wọ ibẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kékeré má ṣe rò pé àwọn ni a ń bá wí.

Àwọn kan yóò sọ pé, kí ló dé tí a kò ní ya ojú bí ó ti rí kí a sì fi í sílẹ̀? Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ gbà pé ẹ̀rọ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kì í ṣì wí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ní ọdún 2018, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò ọ̀ràn yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde: bí fóònù bá wà ní ínṣì 12 péré sí ojú, ìbú imú a hàn bí ẹni pé ó fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bí ó ti rí láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, nítorí pé ohun tí ó sún mọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń sọ di ńlá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ń wo imú yìí tí wọ́n ń banú jẹ́, nígbà tí kì í ṣe imú wọn. Ní ti àwa ènìyàn dúdú, ẹjọ́ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ṣe òṣùwọ̀n bí àwọ̀ ti yẹ kí ó rí nínú fọ́tò; nígbà tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bá kan ojú dúdú, ojú náà a ṣókùnkùn, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ju eyín àti ẹyinjú lọ. Ní 2021 ni Google gbé fóònù kan jáde tí wọ́n sọ pé àwọn dìídì tún ojú rẹ̀ ṣe kí ó lè rí àwọ̀ dúdú dáadáa. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí ó gbé fóònù jìnnà sí ara rẹ̀, tí ó sì kọjú sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kò parọ́ kankan lójú wa. Ó kàn ran ẹlẹ́rìí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì lọ́wọ́ láti rí i bí ó ti rí ni.

Ó kù nísinsìnyí kí a wádìí èyí tí ó kọjá ìrànlọ́wọ́. Ní ilẹ̀ wa yìí, ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a tó pe àwòrán tí ó dára ju ènìyàn lọ ní ẹ̀ṣẹ̀, nítorí àwọn baba wa ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Ní Òsì ni Aréogun ti gbẹ́ ère títí ó fi kú ní 1954, tí Bándélé ọmọ rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Kájọlà, ní Odò-Ọwá, tí kò jìnnà sí Ìlọ́fà, ni Bámigbóyè gbé, ẹni tí ìjọba gbà ní àwọn ọdún 1930 láti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní Òmù-Àrán; ó kú ní 1975, ní 2022 sì ni ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà-sí ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé wò. Ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ irú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí yóò rí i pé agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ìhunjọ sí ojú àgbà. Olóyè tí ó ti ń fi ọ̀pá rìn, bí ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko ni a ó gbẹ́ ẹ, kí ó jókòó sórí ẹṣin, kí ojú rẹ̀ tutù, kí awọ ara rẹ̀ máa dán. Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, rin ilẹ̀ Yorùbá kiri, ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí í mú ère dára. Nínú ohun tí ó tẹ̀ jáde ní 1973 ni èyí wà, pé ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ ọ́ jù, àti pé ìgbà ọ̀dọ́ ènìyàn ni kí a fi hàn, nígbà tí agbára rẹ̀ pé.

Ẹ tún wo ère ìbejì. Ọmọ ọwọ́ ni ó kú, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà ni a gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú irun dídì àti ilà lójú. Nígbà tí fọ́tò dé, ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ọ̀nà kò jìn sí wa, àwọn olùwádìí rí i ní àwọn ọdún 1970 pé bí ìkan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo kí ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ obìnrin tí èyí tí ó kù sì jẹ́ ọkùnrin, a ó wọ aṣọ obìnrin fún un nígbà kejì. Kò sí ìyá tí ó wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí ó pè é ní ẹ̀tàn.

Kí ló fà á? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ń wò mọ ohun tí a ṣe. Ìyá ìbejì mọ èyí tí ó wà láàyè. Gbogbo ìlú mọ̀ pé olóyè ti hewú. Bákan náà ni pẹ̀lú ìyàwó tí a kun ní osùn, tí a lé làálì sí i lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, tí ó lé tìróò, tí irun rẹ̀ sì gún: ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé osùn yóò ṣí, kò sì sí ẹni tí yóò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ tí ó bá ṣí. Ṣíṣe ara lóge kì í ṣe irọ́, níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣe é ní gbangba, fún àwọn tí wọ́n mọ àṣà náà.

Ohun mìíràn tún wà láàrin ọkùnrin àti obìnrin nígbà náà tí kò sí mọ́, alárenà ni. Alárenà a máa pọ́n ọmọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹnu rẹ̀ a sì máa dùn ju oyin lọ. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni òun àti ẹbí méjèèjì ń gbé. Bí ó bá sọ pé ọlọ tí a kò lè gbé jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni a ó wá. Lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, àwọn ẹbí a máa ṣe ìwádìí: ǹjẹ́ àrùn kan wà ní ìdílé yìí, ǹjẹ́ wọ́n jẹ gbèsè, ǹjẹ́ ọmọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ? Gbogbo èyí ni a ó ṣe tán kí ìdána tó wáyé. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀bá. Lóde òní, alárenà ti yẹ̀bá kí ojú tó mọ ojú rárá. Àwòrán ni ó kù, àwòrán kò sì ní ẹnu ọ̀nà tí a lè lọ kàn.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ẹni tí ń wá olólùfẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òpùrọ́ ńlá. Àwọn gbájú-ẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí ń jí fọ́tò ẹlòmíràn lò láti fi gba owó. Olè ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn sì kúrò lórí ohun tí à ń bá bọ̀. Ní ti àwọn ènìyàn lásán bí àwa yìí, ìwádìí kan tí Catalina Toma, Jeffrey Hancock àti Nicole Ellison tẹ̀ jáde ní 2008 kọ́ wa ní ohun kan. Wọ́n pe 80 ènìyàn jọ ní New York, ọkùnrin 40 àti obìnrin 40, wọ́n díwọ̀n gíga wọn, wọ́n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, wọ́n sì wo ọjọ́ orí wọn nínú ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 81 ló ti parọ́ lórí ó kéré tán ohun kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n irọ́ wọn kéré: ẹni tí ó kúrú fi díẹ̀ kún gíga rẹ̀, ẹni tí ó sanra yọ díẹ̀ kúrò. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ìpàdé ń bọ̀. Ọjọ́ náà ni ó dúró fún alárenà.

Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n kan àwòrán, níbẹ̀ sì ni a ti rí ohun tí ó yà wá lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n ni àwòrán náà gbà pé ó jọ àwọn dáadáa. Nígbà tí a pe àwọn ẹlòmíràn láti wò ó, wọ́n ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àwòrán náà ni kò sọ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé àwọn parọ́. Ẹni tí ó bá ti wo ojú dídán yẹn fún oṣù mẹ́fà a gbà pé ojú òun ni, dígí ilé rẹ̀ ni yóò sì máa bá jà.

Ibo wá ni a ó fi ààlà sí? Ní tiwa, a kò ní wọn ẹ̀tàn pẹ̀lú bí àwòrán ti dára tó. Ohun tí ẹnì kejì ti ná kí ó tó mọ òtítọ́ ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Láàrin 1908 àti 1924, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Japan ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Hawaii àti Amẹ́ríkà láti lọ bá ọkọ tí wọn kò rí rí. Àwọn ọkùnrin náà ti lọ ṣe iṣẹ́ oko, ọ̀pọ̀ wọn nínú oko ìrèké. Àwọn ẹbí méjèèjì pààrọ̀ fọ́tò, wọ́n kọ orúkọ obìnrin sínú ìwé ìdílé ọkọ nílé, ó sì di ìyàwó. Ní èbúté ni wọ́n ti ń na ọrùn, fọ́tò lọ́wọ́, tí wọ́n ń wá ojú ọmọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan bá baba àgbà pàdé, nítorí fọ́tò ìgbà èwe ni ó fi ránṣẹ́. Àwọn mìíràn bá ẹni tí ó yá kóòtù wọ̀ tàbí tí ó dúró ti mọ́tò onímọ́tò. (Ìran àwọn wọ̀nyí kò tíì tán ní Nàìjíríà.) Ohun tí ó mú irọ́ yẹn burú kì í ṣe hóró irun dúdú tí kò sí lórí mọ́. Òkun ni. Obìnrin náà ti fi ilé sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní owó ọkọ̀ tí yóò dá wọn padà. A ti gba yíyàn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ní ohun tí òun ìbá yàn.

Ẹ fi èyí wé Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1539 ni ó rán Hans Holbein, ayàwòrán rẹ̀, lọ ya Anne ti Cleves ní ilẹ̀ Jámánì kí ó lè mọ bí ó ti rí. Àwòrán náà wù ú. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní 1540. Obìnrin náà kò wù ú. Nígbà tí ó fi di oṣù keje, a ti tú u ká, a sì ti bẹ́ orí Thomas Cromwell, olórí alárenà wọn. Holbein kò jìyà kankan. Àwòrán náà wà ní Louvre ní Paris títí di òní, ẹni tí ó bá sì wò ó yóò rí obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí ó gbé ọwọ́ lé ara wọn. Àwa fúnra wa rò pé àìdára wà lọ́wọ́ ọba ju ọwọ́ ayàwòrán lọ. Ṣùgbọ́n ọba lè tú ìgbéyàwó ká. Ọmọbìnrin tí ó wà ní èbúté Honolulu kì í ṣe ọba.

Títí di ìsinsìnyí, ẹni tí a tàn jẹ ni a ń ro. Ẹnì kan tún wà tí a máa ń gbàgbé, ìyẹn ẹni tí ó fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ní oṣù kẹrin 2017, ọ̀gá ilé iṣẹ́ FaceApp ní láti tọrọ àforíjì, nítorí pé irinṣẹ́ tí wọ́n ní yóò sọ ojú di ẹlẹ́wà ń sọ ojú dúdú di pupa ni. Ẹ̀rọ náà kò kórìíra wa; ohun tí a fi kọ́ ọ ni ó mọ̀. Ní ti ilà ojú, ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú awọ ara dán kò mọ ìyàtọ̀ láàrin pélé àti àpá egbò. Yóò bò ó mọ́lẹ̀ bí ohun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Báyìí ni ọmọ Èkìtì kan ṣe lè fi ojú ránṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ti ìdílé baba rẹ̀, kí ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù dáhùn pé, áà, o mà dára o. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Ní gbogbo ìgbà tí ó bá yìn ín, ọ̀rọ̀ dídùn náà yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ bá ẹlòmíràn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jowú àwòrán ara rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Jákọ́bù, bí Lábánì ti fi ìbòjú àti òkùnkùn òru mú Léà wọlé tọ̀ ọ́ ní ipò Rákélì. Ní ilé ẹ̀kọ́, Jákọ́bù ni a máa ń káàánú, tàbí kí a rẹ́rìn-ín sí i, nítorí òun náà ti fi awọ ewúrẹ́ tan baba rẹ̀ rí. A kì í sábà bi Léà léèrè. Òun ni ó jí ní òwúrọ̀ tí ó rí ojú ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń yí padà. Òun ni ó bí ọmọ lé ọmọ nínú ilé náà, tí ó ń retí pé bóyá ti ọ̀tẹ̀ yìí ni yóò mú kí a fẹ́ràn òun. Baba rẹ̀ ni ó da ìbòjú bò ó, kò sí ohun tí ó lè ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa ń da tiwọn bo ara wọn, wọ́n sì rò pé Jákọ́bù nìkan ni yóò jí ní òwúrọ̀.

Nígbà tí a bá ń bá àwọn tí ó ti dàgbà nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè kan ni a sábà ń gbọ́, ó sì le ju gbogbo èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé iná jó ọmọbìnrin kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nígbà tí ó wà ní kékeré. Bí ó bá yí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí fóònù, kò sí ẹni tí yóò rí i, kò sì lo irinṣẹ́ kankan. Ǹjẹ́ ó di dandan kí ó fi àpá rẹ̀ han gbogbo ayé ní ọjọ́ kìíní, kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó ka orúkọ rẹ̀ tán?

Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Kò jẹ àjèjì ní gbèsè ojú rẹ̀. Bí obìnrin bá ń kọjá lọ ní ọjà Ìlọ́fà, ó lè fi gèlè bo ibi tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i lójoojúmọ́, bí ó bá ti ń béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, bí ó bá ti ń gbọ̀ràn àìsàn rẹ̀ tí ó sì ń sọ tirẹ̀, ọkùnrin yẹn kì í ṣe ẹni tí ń kọjá lọ ní ọjà mọ́. Kí obìnrin náà ya àwòrán mìíràn nígbà náà, kí ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kan náà, kí ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì síwájú, kí ó sì fi í ránṣẹ́ láìbẹ̀bẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá dákẹ́ láti ọjọ́ náà lọ, ẹkún wà níbẹ̀, a kò ní sọ pé kò sí. Bí ó bá sì ní òun ń bọ̀ wá kí àwọn òbí rẹ̀, kí ó ti rí i kí ó tó wọ mọ́tò ní Ìlọrin.